Ẹni Tó Kọ Nọ́ńbà Náà Ńkọ́?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ojú ọjọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sí iṣẹ́ yìí, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ ká kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ jọ, kí wọ́n sì lè pín in pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìtàn nọ́ńbà kan ṣoṣo ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti lọ́wọ́ sí tí n kì í sọ ọ́.

Nọ́ńbà ọ̀hún ni 58. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, ní ibùdó kan tí wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́, tó ń jẹ́ El Azizia ní Líbíà, akọ̀wé ibùdó kọ ọ́ sínú ìwé pé ooru ọjọ́ náà dé ìwọ̀n 58 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti ìgbà náà wá ni gbogbo ayé ti ń tọ́ka sí i pé kò sí ibi tí ooru tíì mú tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ilẹ̀. Àwọn olùkọ́ fi kọ́ ọmọ, àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n fi kọ́ ọmọ tiwọn. Nígbà tó pé 90 ọdún géérégé, ní ọdún 2012, Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé tí a mọ̀ sí WMO wá fagi lé e.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ló tú àṣírí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan pé jọ sí ló gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, Khalid El Fadli tó jẹ́ ọ̀gá nínú ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Líbíà sì ló wá ojú ìwé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ lọ́dún 1922, jáde. Rògbòdìyàn ọdún 2011 ká wọn mọ́ ẹnu iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí àwọn yòókù ò gbúròó ọkùnrin yìí. Nígbà tí wọ́n jàjà tẹ́ ojú ìwé náà síwájú ara wọn, ohun tí 58 nìkan kò lè sọ ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé ti yí padà ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ẹni tuntun náà sì ń kọ nọ́ńbà sínú àyè tí kì í ṣe àyè rẹ̀ lójú ìwé. Tẹmómítà tó ń lò jẹ́ irú èyí tí mẹ́kúrì máa ń ti ọ̀pá tín-ín-rín kan sókè nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ọ̀pá yẹn ló sì yẹ kéèyàn kà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò mọ́ ọn á ka orí rẹ̀, á sì fi nǹkan bí ìwọ̀n 7 ṣi nọ́ńbà kà. Wọ́n wo àwọn ibùdó tó wà nítòsí, ooru wọn lọ́jọ́ náà kò sún mọ́ 58 rárá. Wọ́n gbà pé ó jọ pé ẹni tí kò tíì mọwọ́ iṣẹ́ ló ṣi òṣùwọ̀n kà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ká ní ẹnì kan ti tẹ 58 yẹn sínú kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́un, tó sì wí pé, “A ti ní i báyìí, ẹ lọ da ìwé yẹn nù,” irọ́ náà ì bá wà láàyè títí dòní, kò sì sẹ́ni tí ì bá lè já a. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tí à ń kọ́ ní iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n bi ni: ẹni tó kọ nọ́ńbà náà ńkọ́? Ta ni? Kí ló ń kà? Aago mélòó ló kà á? Ibo ló dúró sí?

Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti rí kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò á dé pẹ̀lú ètò tuntun, á fi han àwọn èèyàn ibi tí wọ́n á tẹ̀ àti ibi tí wọn ò gbọdọ̀ tẹ̀, á lo nọ́ńbà tí a ti tún ṣe láti ilé fi ṣe àpẹẹrẹ, gbogbo wa á ya fótò lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n á pín ìwé ẹ̀rí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, rẹ́jísítà ṣì wà lórí pákó níbi tó wà. Mi ò bá ètò orí kọ̀ǹpútà jà o. Climsoft wà, ọ̀fẹ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ láti Áfíríkà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò lójú ìwé, kíá ni kọ̀ǹpútà á bá a sọ àṣìṣe kan di ẹgbẹ̀rún.

Ẹ lè bi mí pé kí la fẹ́ fi òjò ọdún 1931 ṣe nígbà tí tọ̀la ló ń bà wá lẹ́rù. Ohun tí à ń pè ní bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe máa ń rí, ìṣirò ọgbọ̀n ọdún ni. Ọdún 1991 sí 2020 ni WMO ní ká máa lò báyìí, wọ́n sì ní ká má ju 1961 sí 1990 nù, kó lè jẹ́ òpó tí a ó máa fi wo bí nǹkan ṣe ń yí padà. Ẹni tí kò ní ọgbọ̀n ọdún tó pé kò lè sọ pé òjò ọdún yìí pọ̀ tàbí ó kéré. Ó kàn lè sọ pé ó rọ̀. Ẹ tún wo ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá. Ó fẹ́ mọ bí òjò tó pọ̀ jù lọ láàárín 100 ọdún ṣe lè pọ̀ tó. Bí ilé iṣẹ́ wa bá gbé ọdún 15 fún un, àbá ló máa dá, orí àbá yẹn ni àwọn èèyàn á sì máa gbà kọjá.

Nígbà míì, ohun tó wà nínú ìwé máa ń yí ohun tí gbogbo èèyàn ti gbà padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé àwọn èèyàn mọ́lé, ọ̀jọ̀gbọ́n kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ed Hawkins, gbé fótò nǹkan bí 65,000 ojú ìwé àkọsílẹ̀ òjò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹni tó bá ráyè wá bá òun tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn tó lé ní 16,000 jáde, wọ́n sì fi ọjọ́ 16 parí rẹ̀. Nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ni. Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ jọ, àkọsílẹ̀ òjò orílẹ̀-èdè náà fẹ̀ padà sẹ́yìn dé ọdún 1836, wọ́n sì rí i pé ọdún 1855 ni ọ̀gbẹlẹ̀ tíì pọ̀ jù níbẹ̀, àti pé kò tíì sí oṣù karùn-ún tí òjò rẹ̀ kéré tó ti ọdún 1844. Àwọn ìwé yẹn kò sọnù rí o. Inú àpótí ni wọ́n wà, wọ́n tò ó dáadáa, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó lè bá wọn ka ohun tó wà nínú wọn. Ohun tó wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣírò, ṣé a lè ní a ní i?

Ti ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì wà nínú àpótí tó dáa. Mo ti wọ yàrá ìkó-nǹkan-sí kan rí, nílé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, tí òrùlé ti ń jò láti àkókò òjò méjì sẹ́yìn. Rẹ́jísítà ọdún mọ́kànlá ti lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n le gbagidi bíi búlọ́ọ̀kù. Tádàwá tó wà lára àwọn tó wà lókè ti ṣàn lọ, ó ku ipa gègé nìkan lórí ìwé. Bàbá tó ń ṣọ́ yàrá náà dúró tì wá. Òun ló to gbogbo èyí tó kù ní ọdún-ọdún, tó fi okùn dì wọ́n, tó gbé wọn kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Kò sẹ́ni tó rán an, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé òun rò pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á wá béèrè. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni mo máa ń rántí bàbá yẹn, tí mo sì máa ń béèrè pé, àwọn tó ń ṣọ́ ìwé ńkọ́, ṣé wọ́n wà nínú orúkọ àwọn tí a pè?

Ikú kejì tún wà, èyí tó burú ju ti ikán lọ torí pé a kì í rí i. Láàárín ọdún 1980 sí 1999, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ló fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní CLICOM tẹ nọ́ńbà wọn sínú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà. Iṣẹ́ ńlá ni. Díísìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n kó o sí ṣì wà nínú dúróà lónìí níbòmíì, àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà tó ní ojú ihò tí wọ́n á kì í bọ̀. Ìwé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dà á nù torí pé “ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ìwé nù. Bí ẹ bá tiẹ̀ ya fótò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ má da ìwé nù.

Ó yá, báwo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń wí ṣe ń lọ? Ọjọ́ kìíní, a kì í tan kọ̀ǹpútà. Tábìlì ni, kámẹ́rà tí a so mọ́ òpó kí ó má mì, iná láti ọ̀tún àti òsì kí òjìji má bàa bọ́ sórí ìwé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú rẹ́jísítà kan wá láti ilé iṣẹ́ tirẹ̀. A ó ya èèpo ìwé náà, inú èèpo rẹ̀, ojú ìwé tí nǹkan kan wà àti èyí tó ṣófo. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ni ti òfìfo. Ẹni tó máa ka fótò yìí lẹ́yìn ogún ọdún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfìfo ló wà níbẹ̀, kì í ṣe pé a fò ó. Etí ìwé gbọ́dọ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó lè dájú pé a ò gé nǹkan kan. Inú èèpo ni àṣírí sì máa ń wà. Ibẹ̀ ni akọ̀wé ibùdó máa ń kọ ọ́ sí ní kúkúrú pé tẹmómítà fọ́, pé òmíràn dé, pé igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n òjò ti ga jù, pé òun ń lọ ìsinmi, arákùnrin òun ni yóò máa bá òun kà á.

Ọjọ́ kejì, a ó kọ́ bí a ṣe ń ka ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo èyí tó kù lọ, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ gbé ojú ìwé òjò oṣù kan síwájú. Ìlà 31 ló wà níbẹ̀. Níwájú ọjọ́ kẹta, akọ̀wé fa ìlà kékeré kan. Níwájú ọjọ́ kẹrin, ó kọ òdo. Níwájú ọjọ́ karùn-ún, kò kọ nǹkan kan. Ṣé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ó lè jẹ́ pé ìlà yẹn ni òun fi ń sọ pé òjò kò rọ̀, òdo sì ni èyí tó wínníwínní tí kò tó wọ̀n, àyè òfìfo sì ni ọjọ́ tí òun kò wá síbi iṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ máa pinnu, bí ẹ bá sì sọ òfìfo di òdo, ẹ ti dá ọ̀gbẹlẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ kò sí. Bá a ṣe máa ń mọ̀ ọ́n ni pé a ó wo àpapọ̀ tó kọ sísàlẹ̀ oṣù, a ó wo iye ọjọ́ tó ní òjò rọ̀, a ó wo oṣù tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn bí ojú ìwé mẹ́wàá, ẹ̀yin àti akọ̀wé náà á ti di ojúlùmọ̀. Ẹ óò ti mọ bó ṣe ń kọ 4 tó fi ń jọ 9. Ẹ óò ti mọ̀ pé kì í wá lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, torí gbogbo òjò ńlá rẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń bọ́ sí. Omi ọjọ́ mẹ́ta ló ń kà pa pọ̀. Bí ẹ ò bá sàmì sí i, ẹnì kan á fi ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn ṣírò òjò tó pọ̀ jù láàárín wákàtí 24.

Òfin kan ṣoṣo ni mo máa ń fi lélẹ̀ lọ́jọ́ yìí: ohun tí o rí ni kó o tẹ̀, má tẹ ohun tí o rò. Bí akọ̀wé bá kọ 350 níbi tó dájú pé 35.0 ló ní lọ́kàn, 350 ni kó o tẹ̀, kó o wá sàmì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé o fura. Àtúnṣe ní àyè tirẹ̀, fáìlì tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti ìdí rẹ̀. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ tẹ ojú ìwé kan, kí wọ́n má sì wo ara wọn. Ibi tí wọn ò bá ti bára mu ni ẹni kẹta á padà sí fótò. Ó ń gba àkókò. Bẹ́ẹ̀ náà ni 58 gba 90 ọdún.

Ọ̀rọ̀ aago náà tún wà níbẹ̀. Níbi púpọ̀, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n ń ka òṣùwọ̀n òjò. Omi tí a bá níbẹ̀ láàárọ̀ Túsìdeè, òjò Mọ́ńdè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ibùdó kan ń kọ ọ́ sí Mọ́ńdè, àwọn kan ń kọ ọ́ sí Túsìdeè, ibùdó míì sì yí àṣà rẹ̀ padà láàárín nígbà tí ọ̀gá tuntun dé. Ẹni tí kò mọ̀ á rí ìjì kan náà tó ń jà ní ibùdó méjì tó sún mọ́ra, lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Íǹṣì àti mìlímítà náà ńkọ́? Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Orílẹ̀-èdè yí padà láti ọ̀kan sí èkejì ní ọjọ́ kan, àmọ́ ibùdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yí padà ní ọjọ́ tirẹ̀, nígbà tí òṣùwọ̀n tuntun bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò ní pẹ́ lórí Fahrenheit, ẹ ti mọ ìyẹn.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ìtàn ibùdó fúnra rẹ̀. Ká ní ibùdó kan wà láàárín ìlú láti ọdún 1935, tí wọ́n gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lẹ́yìn odi ní 1958. Láti oṣù tí wọ́n gbé e yẹn, òru á tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ògiri àti ojú títì kò sí níbẹ̀ mọ́ láti máa tú ooru jáde. Ẹni tó ní nọ́ńbà nìkan lọ́wọ́ á ní ojú ọjọ́ ìlú náà tutù sí i lọ́dún 1958. Kí àpótí funfun onígi tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, tí wọ́n ń fi tẹmómítà sí, èyí tí Thomas Stevenson ṣe ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tó di ohun tí gbogbo ayé ń lò, ara ògiri ni àwọn kan ń gbé tẹmómítà kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ lára ògiri, ooru rẹ̀ yí padà, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ ò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà wà láti mọ irú àyípadà báyìí kódà níbi tí akọ̀wé kò ti kọ ọ́ sílẹ̀. A ó fi ibùdó náà wé àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá tutù sí i lọ́dún kan náà, ojú ọjọ́ ni. Bó bá jẹ́ òun nìkan, ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù ń bẹ lódìkejì ẹnubodè, nínú ìwé ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè míì. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ ẹnubodè. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè: láìsí dátà ẹnì kejì, ilé iṣẹ́ kankan ò lè mọ̀ bóyá tirẹ̀ pé.

Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le rèé. Ọ̀rọ̀ pínpín ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1853 ni wọ́n pàdé ní Brussels láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí ọkọ̀ ojú omi á ṣe máa kọ ojú ọjọ́ sílẹ̀. Ní 1873, àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ pé jọ sí Vienna. Ìwé àdéhùn tó gbé WMO kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1950. Ní 1995 wọ́n ṣe ìpinnu lórí ohun tó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa pín lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Ìwé àdéhùn kò tíì tó. Ìwé yẹn lè wà lórí tábìlì ọ̀gá, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà lápò rẹ̀.

Mi ò sì ní dá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ kí n tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó tì í, á sọ fún yín. Owó díẹ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń rí, ara títa dátà fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ló ti ń wá, ìjọba kì í sì í fún un lówó tó. Ó ti gba àlejò rí, ó fún un ní ogójì ọdún òjò. Àlejò náà kọ ìwé jáde, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tó kà á, kò tiẹ̀ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́. Ó tún mọ̀ pé nígbà tí àwọn amúnisìn ń lọ, wọ́n kó àwọn ìwé kan dání, pé bí òun bá fẹ́ ka òjò orílẹ̀-èdè òun ti ọdún 1920, ilé àkójọ ìwé kan ní Yúróòpù lòun máa kọ lẹ́tà sí. Gbogbo èyí, òótọ́ ni. Ẹni tó bá wá kọ́ni nípa pínpín láìdáhùn wọn, àkókò ló ń fi ṣòfò. Ẹ̀yin tí fótò ìwé àtijọ́ wọ̀nyí wà lọ́wọ́ yín ní Yúróòpù, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ ọ́ kí ẹ tó béèrè fún ohun mìíràn.

Ọ̀nà kan wà tí mo ti rí tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí ooru àti òjò tó kọjá ààlà ṣe ń yí padà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n á pe òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè bíi mẹ́wàá ní agbègbè kan. Oníkálukú gbé dátà ojoojúmọ́ tirẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò fún àṣìṣe. Wọ́n jọ ṣírò ohun tí wọ́n gbà láti ṣírò, bí iye ọjọ́ tí ooru fi kọjá ààlà àti òjò tó pọ̀ jù lọ́jọ́ kan. Ìṣirò yẹn ni wọ́n ń pín; dátà ojoojúmọ́ ń bá olówó rẹ̀ lọ sílé. Orúkọ gbogbo wọn sì wà lórí ìwé tí wọ́n kọ jáde. Ibi tó ṣófo lórí máàpù ayé kún níbi púpọ̀ nítorí ìpàdé wọ̀nyí, àwọn tó lọ síbẹ̀ sì padà sílé pẹ̀lú ìdáhùn nípa orílẹ̀-èdè tiwọn.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tó kù sí. Lọ́jọ́ tí ayé bá yí ọgbọ̀n ọdún tí à ń fi ṣe òpó padà, ìṣirò àtijọ́ kò ní bá tuntun mu, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe láìsí nọ́ńbà ojoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì láàárín á ti kó ìmọ̀ lọ. Torí náà, mo rí ìpàdé yẹn bí ibi tí èèyàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń fọkàn tánni. Lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí nọ́ńbà fúnra rẹ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín lára rẹ̀ títí ayé.

Ohun tó ń padà wá sọ́wọ́ ẹni tó pín kì í sì í kéré. Ní oṣù kejì ọdún 1903, ìjì líle kan jà ní Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó hú igi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó taari ọkọ̀ ojú irin ṣubú. Ìjì Ulysses ni wọ́n ń pè é. Ètò ńlá kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń tún ojú ọjọ́ gbogbo ayé yà láti ọdún 1836, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń fún un jẹ látinú afẹ́fẹ́ ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀, bí bàrómítà ṣe kà á. Nígbà tó kọ́kọ́ ya ìjì 1903, kò yà á dáadáa. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò le tó bí èèyàn ṣe rí i. Wọ́n lọ tẹ àwọn nọ́ńbà bàrómítà tó ṣì wà lórí ìwé, wọ́n fi kún un, wọ́n tún un yà. Ìjì náà jáde, ó le bó ṣe le. Báyìí, wọ́n lè bèèrè ohun tí irú rẹ̀ máa ṣe bó bá tún jà nínú ayé tó ti gbóná ju ti ìgbà yẹn lọ. Àwọn tó ka bàrómítà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò mọ̀ pé nǹkan tí àwọn ń ṣe rèé.

Ó ku ọ̀rọ̀ lórí àwọn tó yẹ ká kọ́. Ẹni mẹ́ta ni mo máa ń bẹ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fi ránṣẹ́: ẹni tó ń ṣọ́ ìwé, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, àti ọ̀gá tó lè bu ọwọ́ lùwé pé kó jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́, ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà. Ó ń kọ́ṣẹ́ dáadáa, ó ń padà sílé, kọ́kọ́rọ́ yàrá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, àṣẹ kò sí lẹ́nu rẹ̀, láàárín ọdún kan ó ti ríṣẹ́ míì. Bí ọ̀gá bá sọ pé òun kò ráyè wá fún ọjọ́ márùn-ún, kó wá ní ọjọ́ kejì nìkan, kó wá jókòó ti àwọn tó ń ka 4 àti 9.

Lọ́la, ní aago mẹ́sàn-án, a ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú rẹ́jísítà kan kan dání, kí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má fi omi nù ún, ẹ má fi tépù lẹ ibi tó ya, ẹ má fa ìlà sórí ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn. Bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, tí ẹ sì lè rí nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ pè é lálẹ́ òní. Ẹ kí i, ẹ sọ fún un pé ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá bi í pé ìlà kékeré tó máa ń fà yẹn, kí ló túmọ̀ sí?